Ọkọ̀ Oní-Dísù Tí Kì Í Jí Láàárọ̀: Ẹ Wádìí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

  

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn ti oṣù yìí. Kì í ṣe pé a sọ ara wa di mẹkáníìkì o. Akọ̀wé ni wá, bírò àti ìwé ìṣirò owó ni irinṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó láti ka ìwé àwọn tó ń béèrè ẹ̀yáwó, a máa ń rí àwọn tó fẹ́ fi owó náà tún ọkọ̀ ṣe, pàápàá ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo epo dísù. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló ṣe ọkọ̀ náà gan-an, wọn á ní, "Kì í jí láàárọ̀ ni, mẹkáníìkì ní ká pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù." Bí a bá tún bi wọ́n pé báwo ni mẹkáníìkì ṣe mọ̀ pé pọ́ọ̀ǹpù ni, ẹnu á wọhò.

A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ojú àwa náà ti rí i. Ẹgbẹ́ wa ní ọkọ̀ dísù àlòkù kan tí a fi ń kó ẹrù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí ọjà. Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀ láàárọ̀. A ra bátìrì tuntun, kò gbọ́. Wọ́n tú pọ́ọ̀ǹpù epo, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, a san owó, ọjọ́ ọjà mẹ́ta sì kọjá lórí ìdúró. Àwọn ìyá alátà tí wọ́n ti kó tòmátò jọ fojú winá. Nígbà tí wọ́n dá pọ́ọ̀ǹpù padà, ọkọ̀ tún kọ̀. Wọ́n wá ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí a tú tọ́ọ̀pù, kí a pààrọ̀ ríńgì. Ìwé owó ti wà lórí tábìlì, ó ku kí alága fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ náà ni bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ dírẹ́bà sílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wa, béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń yí i láàárọ̀, ṣé èéfín ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀?" A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tó wò ó rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a yí i, kò sí èéfín rárá. Bàbá ní kí a dúró. Ó tẹ pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ kékeré tó wà lára fílítà epo títí tó fi le mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní kí a tún un yí. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ọkọ̀ jí! Rọ́bà kékeré tó ń gbé epo wọ inú fílítà ló ti sán. Owó rọ́bà náà kò tó owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi wa ni. A náwó kí a tó béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí a kọ́ láti ìgbà náà ni a fẹ́ là kalẹ̀ fún yín, kí ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí má bàa jìn sí kòtò tí a jìn sí.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ DÍSÙ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ọkọ̀ pẹtiróòlù ní plọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Ọkọ̀ dísù kò ní irú rẹ̀. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ló gbé èrò ẹ́ńjìnnì yìí kalẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1893. Orúkọ rẹ̀ ni a ń pe epo náà títí di òní. Èrò náà ni pé bí a bá ki afẹ́fẹ́ mọ́ra gidigidi, yóò gbóná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ ohun tí à ń wí. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ìdí pọ́ọ̀ǹpù á gbóná lọ́wọ́ ẹni.

Nínú ẹ́ńjìnnì Mercedes 240D ti àwọn ọdún 1970 àti 1980, afẹ́fẹ́ tó kún àyè 21 ni píṣítìnì ń kì mọ́ àyè 1 péré. Ooru rẹ̀ a máa ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Inú ooru yìí ni nọ́sù ń fọ́n epo sí, epo á sì gbiná láìsí ìṣáná.

Nítorí náà ohun mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnnì dísù ń béèrè kó tó jí. Èkínní, kó yí kíákíá. Èkejì, kó rí ooru. Ẹ̀kẹta, kó rí epo tí kò ní afẹ́fẹ́ tàbí omi nínú. Ẹ̀kẹrin, kó ní agbára láti ki afẹ́fẹ́ mọ́ra, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀mpréṣọ̀n. Bí ọkọ̀ bá kọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ló ṣaláìsí. Iṣẹ́ yín ni láti mọ èwo ni. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò gba owó, kí a tó dé orí èyí tó ń gba owó ilé.

ÈKÍNNÍ: ṢÉ Ó Ń YÍ DÁADÁA?

Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá rọ pátápátá, tí ẹ́ńjìnnì sì ń kérora bí arúgbó tó ń gun òkè, bátìrì ló rẹ̀ tàbí kí ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn ti dọ̀tí. Bí iná bá dúró dáadáa tí ẹ́ńjìnnì kò sì mira rárá, ẹ wo sítáátà àti wáyà rẹ̀.

Ẹ má sáré ra bátìrì o. Ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì dì í le. Ẹ tún wo wáyà ńlá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì tó dára ni a ti dà nù nítorí wáyà yìí. Ẹni tó bá ní míítà ríwáyà nítòsí, kó wọn bátìrì náà. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn nígbà tí ọkọ̀ dákẹ́. Bí ẹ bá ń yí ọkọ̀ tó sì wálẹ̀ kọjá 9.6, kò lágbára tó.

Ọkọ̀ dísù ń fẹ́ yíyí tó yá ju ti pẹtiróòlù lọ. Bó bá ń yí jẹ́jẹ́, ooru afẹ́fẹ́ tó kì mọ́ra á ti sá lọ kí epo tó dé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì tó nípọn jù máa ń mú kí yíyí le láàárọ̀ ọyẹ́. Ọ́ọ̀lì 15W-40 tó dára sàn ju èyí tó nípọn bí oyin lọ.

ẸLẸ́RÌÍ TÍ KÌ Í PURỌ́: ÈÉFÍN

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò sì jí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí kò bá sí èéfín kankan, epo kò dé inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ fi hítà plọ́ọ̀gì sílẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀pù sílẹ̀, ọ̀nà epo ni kí ẹ tọ̀.

Bí èéfín funfun tàbí eérú bá ń jáde, tó ń rùn bí dísù tútù, epo ń dé, ṣùgbọ́n kò rí ooru tó máa jó o. Hítà plọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kọ̀mpréṣọ̀n.

Bí ọkọ̀ bá jí tán tó wá ń tú èéfín dúdú, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, eruku lè ti dí i. Bó bá jẹ́ èéfín aláwọ̀ aró, ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì ló ń jó.

Ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè kan péré tí bàbá yẹn bi wá, òun ló yọ wá kúrò nínú gbèsè.

ÈKEJÌ: HÍTÀ PLỌ́Ọ̀GÌ

Láàárọ̀, irin ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì ń fa ooru afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi hítà plọ́ọ̀gì kékeré sí ìdí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó lè mú ibẹ̀ gbóná kí a tó yí ọkọ̀. Àwọn kan rò pé nǹkan àwọn ará ilẹ̀ òtútù ni, pé ilẹ̀ tiwa gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ dísù àtijọ́ ń fẹ́ ẹ láàárọ̀ tiwa náà, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbó. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí dírẹ́bà dúró títí iná pupa tàbí ti òféfèé ojú ọkọ̀ á fi kú kó tó yí kọ́kọ́rọ́ dé òpin.

Oríṣi méjì ló wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ti ọkọ̀ yín. Nínú èyí tó pẹ́ jù, okùn kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá lára gbogbo wọn, láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn tutù. Nínú èyí tó dé lẹ́yìn, kálukú ló ń gba iná tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù á ṣiṣẹ́, ọkọ̀ á jí, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n, á sì máa tú èéfín funfun fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Yíyẹ̀ oríṣi kejì wò kò le. Ẹ tú wáyà orí plọ́ọ̀gì kúrò. Ẹ mú gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, irú èyí tí àwọn ríwáyà ń lò. Ẹ so wáyà kan mọ́ orí pọ́sítífù bátìrì, kí ẹ fi èkejì kan orí plọ́ọ̀gì. Bí gílóòbù bá tàn, plọ́ọ̀gì náà kò já. Bí kò bá tàn, ó ti kú, òun nìkan ni kí ẹ rà. Bí gbogbo wọn bá dára, tí inú ẹ́ńjìnnì kò sì gbóná, ẹ wo fúúsì àti ríléè tó ń gbé iná wá fún wọn.

Ẹ kíyè sí i o! Ẹ má ṣe fi wáyà gbé iná bátìrì tààrà sí ọ̀kan ṣoṣo nínú oríṣi àkọ́kọ́. Iná bátìrì pọ̀ jù fún un, lójú ẹsẹ̀ ni yóò jó.

Ẹ̀KẸTA: EPO, AFẸ́FẸ́ ÀTI OMI

Níbí ni ọ̀pọ̀ owó wa ti ń ṣòfò. Epo ń kúrò ní tánkì, ó ń gba inú páíìpù àti rọ́bà lọ sí fílítà, ó ń dé pọ́ọ̀ǹpù, pọ́ọ̀ǹpù á sì tì í lọ sí nọ́sù. Bí rọ́bà kan bá sán, ẹ lè má rí epo tó ń jò sílẹ̀ rárá. Lóru tí ọkọ̀ dúró, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé láti ojú sísán náà, epo á sì padà sẹ́yìn sínú tánkì. Bó bá di àárọ̀, afẹ́fẹ́ ni pọ́ọ̀ǹpù ń gbé mì.

Àmì rẹ̀ rèé: ọkọ̀ á jí wéré lọ́sàn-án, àárọ̀ ni kì í jí. Bí ẹ bá yí i, kò ní sí èéfín. Bí ẹ bá fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fa epo títí tó fi le kí ẹ tó yí i, á jí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá rí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀. Kó pààrọ̀ àwọn rọ́bà epo, kó di gbogbo kílíìpù wọn le, kó sì wo rọ́bà ìdènà tó wà lórí fílítà. Bí ẹ bá fi rọ́bà tó mọ́ gaara sáàárín fílítà àti pọ́ọ̀ǹpù fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó fi ojú ara yín rí ìfófòó afẹ́fẹ́ bó ti ń kọjá.

Bí epo kò bá tilẹ̀ dé nọ́sù, ẹ ronú nípa ohun tó ń pa ọkọ̀. Gígé epo ni a fi ń pa ẹ́ńjìnnì dísù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan kékeré kan tó ń lo iná wà lára pọ́ọ̀ǹpù tó ń ṣí ọ̀nà epo. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ síbi àkọ́kọ́, ẹ ó gbọ́ tó dún "tẹ́ẹ̀". Bí kò bá dún, wáyà rẹ̀ lè ti já. Mercedes 240D kò lo iná fún èyí; agbára fífa afẹ́fẹ́ láti inú rọ́bà tóóró ló fi ń pa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi kù. Àwa tí a ń tọ́jú dísù sínú dúrọ́ọ̀mù àti jálá, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ẹ bu díẹ̀ nínú ìdí fílítà sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ da omi fílítà nù, kí ẹ sì fọ tánkì. Omi kì í dá ọkọ̀ dúró nìkan, ó ń ba pọ́ọ̀ǹpù àti nọ́sù jẹ́.

Ìgbà wo wá ni ẹ̀bi jẹ́ ti pọ́ọ̀ǹpù? Bí ọkọ̀ bá ń jí dáadáa láàárọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná tán ni kì í jí mọ́, tí sítáátà sì ń yí i dáadáa, ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù bo pọ́ọ̀ǹpù fún ìgbà díẹ̀. Bó bá wá jí, ó ṣeé ṣe kí inú pọ́ọ̀ǹpù ti jẹ. Ìgbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Agbára tí epo fi ń jáde lẹ́nu nọ́sù ju ìlọ́po 50 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ lọ. Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò láé. Bó bá gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀KẸRIN: KỌ̀MPRÉṢỌ̀N

Bí yíyí bá dára, bí hítà plọ́ọ̀gì bá dára, bí epo bá ń dé, tí èéfín funfun sì ń jáde síbẹ̀ láìjí, a ti dé ẹnu ọ̀nà ìnáwó ńlá. Síbẹ̀, ẹ má tíì tú tọ́ọ̀pù.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọn àlàfo fáàfù. Nínú Mercedes 240D àti irú rẹ̀, àlàfo yìí máa ń dín kù bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Bí fáàfù kò bá padé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ á máa sá lọ. Títún un ṣe kò gbà ju ọwọ́ mẹkáníìkì àti sípánà, kò ní ẹ̀yà kan tí ẹ máa rà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ní kó fi géèjì wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì 240D tó wà ní ipò tuntun, ó máa ń jẹ́ nǹkan bí 22 sí 24 lórí òṣùwọ̀n bar. Bó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 15, tàbí kí ìyàtọ̀ àárín sílíńdà kan àti èkejì ju 3 lọ, ó ti gbó. Bí ẹ bá sì ṣí ìdérí ọ́ọ̀lì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, tí èéfín ń tú jáde níbẹ̀ pùùpùù, ríńgì ti jẹ nìyẹn. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ kò ní fi àbá ra ẹ́ńjìnnì.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Àwọn kan máa ń fọ́n pẹtiróòlù tàbí oògùn ìjí-ọkọ̀ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Bí hítà plọ́ọ̀gì bá ti gbóná, ó lè bú gbàmù, kó fọ́ ríńgì tàbí píṣítìnì, kó sì jó ẹni tó dúró tì í. Ẹ má dán an wò.

Ẹ má sì máa yí kọ́kọ́rọ́ láìdáwọ́dúró. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí sítáátà sinmi fún ìṣẹ́jú kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó fi àìsàn kan wá méjì.

Ìpè wa sí yín nìyí. Ẹni tó bá ń mú ìwé ẹ̀yáwó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì wá, kó kọ ìdáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí mọ́ ọn: Ìgbà wo ni ọkọ̀ ń kọ̀, ṣé àárọ̀ ni tàbí ìgbà tó bá gbóná? Ṣé ó ń yí kíákíá? Irú èéfín wo ló ń tú bí a bá ń yí i? Ṣé ó ń jí bí a bá fi ọwọ́ fa epo? Nọ́ńbà mélòó ni géèjì fi hàn? Kì í ṣe pé a fẹ́ fi owó yín dù yín. Owó náà, tiyín ni. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló mọ iṣẹ́ dunjú, bí oníbàárà bá sì mọ ohun tó fẹ́ béèrè, iṣẹ́ wọn á tún yá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa ṣì ń jí láàárọ̀. A kò tú tọ́ọ̀pù rẹ̀. Owó tí à bá fi tú u, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ni a yá a fún.

Ire o. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé.